Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Kò Tíì Jáde

Iṣẹ́ tí mo wá ṣe ní Ìlú Ọba kò ṣeé ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni ní agboolé wa ní Òkèrèwè, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Mo gbìyànjú. Nígbà tí ìrìn àjò mi kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ìyàwó ilé kó ara wọn jọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo ń lọ ṣe gan-an. Mo ní iléeṣẹ́ kan ni mo ń lọ bá ṣiṣẹ́, pé géèmù ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń ṣe. Èèyàn á jókòó sílé ara rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, á máa wa ọkọ̀ ojú irin láti ìlú kan dé òmíràn.

"Ta ló máa ń lé e?" ni ọ̀kan nínú wọn bi mí.

"Kò sẹ́ni tó ń lé e, Àǹtí."

"Ṣé wọ́n máa ń yìnbọn níbẹ̀?"

"Wọn kì í yìnbọn."

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe?"

Mo ní ọkọ̀ ni wọ́n ń wà. Wọ́n á dúró ní ibùdókọ̀, àwọn èrò á sọ̀ kalẹ̀, àwọn mìíràn á wọlé, wọ́n á tún gbéra. Bí wọ́n bá pẹ́ dé, wọ́n ti fìdí rẹmi nìyẹn. Àwọn obìnrin náà wo ara wọn lójú. Ìyá ọkọ mi, tó jókòó sórí àpótí tó ń bó ẹ̀gúsí, ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi ìyàwó mi lọ́rùn sílẹ̀. Òyìnbó tó lè gbé iṣẹ́ kalẹ̀ fún èèyàn lórí ohun tí kò sí, kí Ọlọ́run máa bù kún un ni."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ohun tí kò sí yẹn ni yóò gba oorun lójú wa.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Yunifásítì ló gbé mi dé Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo kọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti pàdé Káyọ̀dé. Ọmọ Òkèrèwè ni òun ní tirẹ̀, jiógíráfì ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan náà. Nígbà tí a fẹ́ra, inú ilé bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé la ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. A kò tíì bímọ. Ìyá kò fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ mí rí, ṣùgbọ́n bí ó bá kírun àárọ̀ tán, tó ń ṣàdúà, mo máa ń gbọ́ orúkọ mi láti inú yàrá wa. Nítorí náà, nígbà tí iṣẹ́ Ìlú Ọba yìí bọ́ sí mi lọ́wọ́, àdéhùn tí gbogbo wa ṣe ni pé n óò lọ síwájú, Káyọ̀dé á tẹ̀ lé mi láìpẹ́, a ó sì tún máa gbé abẹ́ òrùlé kan náà.

Ti òtútù, wọ́n ti sọ fún mi. Ẹnikẹ́ni kò sọ ti ìdákẹ́jẹ́ fún mi.

Mo wọ ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo kí gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Oníkálukú fi nǹkan dí etí, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣẹ ẹnì kan. Mo tún un kí, mo gbé ohùn sókè díẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Marek yí àga rẹ̀ sí mi. Ọmọ ilẹ̀ Póláǹdì ni, òun ló ń ṣe ilẹ̀ tí ọkọ̀ ojú irin inú géèmù ń gbà kọjá: òkè, afárá, igi, ilé àwọn èèyàn lẹ́bàá ọ̀nà.

"Wọn ò bínú sí ẹ," ló wí. "Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Èmi náà, ó pẹ́ kó tó yé mi."

Ọ̀gá wa ń jẹ́ Graham. Irun orí rẹ̀ funfun bíi ti bàbá mi. Gbogbo èèyàn ló ń pè é ní Graham, títí dé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo pè é ní "sà", ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

"Graham ni orúkọ mi," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, n óò rìn títí n óò fi dúró síwájú rẹ̀ gan-an kí n tó lanu, kí n má baà ní láti pe nǹkan kan.

Iṣẹ́ mi ni láti máa dán géèmù náà wò. N óò wa ọkọ̀ kan náà lójú irin kan náà, lọ bọ̀, lọ bọ̀, n óò máa wá ohun tí kò dára. Mo rí màlúù tó dúró sínú afẹ́fẹ́. Mo rí òjò tó ń rọ̀ nínú ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ kò jò. Mo rí ọkùnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀, tó rì sínú sìmẹ́ńtì dé ìbàdí, tó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin yẹn kò kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀. Bí mo bá ń rìn lọ sí ibi tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì, tí àwọn èèyàn ń kọjá lára mi láìwò mí, mo máa ń rò pé bí èmi náà bá rì dé ìbàdí, wọ́n kàn máa yà fún mi ni.

Ayọ̀ náà wà o. Àṣìṣe kan wà nínú géèmù náà tó ti pamọ́ kí n tó dé. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà nínú ihò abẹ́ òkè, bíréèkì ọkọ̀ náà kì í mú mọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Èmi ni mo wá a kàn. Graham jáde láti inú yàrá rẹ̀, ó fọwọ́ gbá tábìlì mi, ó pe orúkọ mi, ó sì pè é dáadáa, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ lókè nísàlẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó hàn pé ó ti lọ kọ́ ọ níbì kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe ilé bí ẹni tó gboyè dókítà.

Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Àìkú a máa gùn. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, oníkálukú á wọ mọ́tò rẹ̀, n óò sì padà sí yàrá mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí mo lọ wọ ọkọ̀ ojú irin gidi. N kò wọ̀ ọ́ rí láyé mi. Irin kò dé Ifẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọkọ̀ ojú irin ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, Òṣogbo ló ń lọ. Ọ̀nà tí mo gbà lọ́jọ́ náà wà nínú géèmù wa, mo sì ti wà á títí mo fi há a sórí. Mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ohun tó ya mí lẹ́nu ni pé mo mọ gbogbo ibẹ̀. Mo mọ̀ pé bí a bá yí kọ́nà yìí tán, ṣọ́ọ̀ṣì kan á yọ lọ́wọ́ òsì. Ó yọ. Mo mọ ibi tí odò wà. Obìnrin àgbà kan tó jókòó tì mí rí i bí mo ṣe ń nàka sí nǹkan kí nǹkan náà tó dé.

"Ṣé ọmọ àdúgbò yìí ni ẹ́?" ló bi mí.

"Rárá, mà."

"O mọ ibẹ̀ jù mí lọ," ló wí, ó sì padà sídìí ìwé ìròyìn rẹ̀.

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ náà títí mo fi délé. Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun ní Òkèrèwè, n kò mọ ojú ọ̀nà kankan. N kò mọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ kí n ti kúnlẹ̀ àti èyí tó yẹ kí n kàn kí kọjá. Èdè Ifẹ̀ tí Ìyá ń sọ nínú ilé, ìdajì rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣìnà láti àdúgbò Enuwa, ọmọ tí n kò rí rí á kígbe pé, "Ìyàwó Bùọ̀dá Káyọ̀dé, ọ̀nà ilé yín kọ́ nìyẹn o!" Wọ́n mọ̀ mí kí n tó mọ ibẹ̀. Níbi tí mo wà yìí, mo mọ gbogbo kọ́nà, gbogbo afárá, kò sì sí afárá kan tó mọ̀ mí. N kò mọ èwo nínú méjèèjì ni èèyàn fi ń jẹ́ ọmọ ìlú.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí ẹ̀rù gan-an bẹ̀rẹ̀.

Iléeṣẹ́ wa ti ṣèlérí pé géèmù tuntun ń bọ̀, èyí tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àkókò tí wọ́n dá kọjá, wọn kò gbé e jáde. Graham bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn. Àwọn àjèjì tó wọ kóòtù á wá, wọ́n á wọ yàrá rẹ̀, wọ́n á pẹ́ níbẹ̀, wọ́n á jáde láìkí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ géèmù tuntun náà wà lọ́wọ́ àwọn díẹ̀ tó ti búra pé àwọn kò ní sọ ọ́ síta. Marek wà lára wọn. Èmi kò sí níbẹ̀. Ti àtijọ́ ni mò ń dán wò.

Àwọn olólùfẹ́ géèmù wa ní ojúlé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti máa ń forí korí. Àgbà èèyàn ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Nígbà tí iléeṣẹ́ dákẹ́, àhesọ ló gba ibẹ̀ kan. Àwọn kan ní ọkọ̀ àtijọ́ tó ń fi èédú rìn ni yóò kún inú rẹ̀. Àwọn kan ní èèyàn púpọ̀ á lè wà lójú irin kan náà, ẹnì kan á wakọ̀, ẹnì kan á máa darí iná ọ̀nà, ẹnì kan á jẹ́ èrò lásán. Ẹlòmíràn ní àwọn tó ń gbá géèmù á lè fúnra wọn tẹ́ irin síbi tó wù wọ́n. Ẹnì kan kọ ọ́ pé wọ́n ti ta iléeṣẹ́ náà. Ẹnì kan sì wá kọ ọ́ pé ní ọjọ́ iwájú, ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ láti ronú ni yóò máa ya ilẹ̀ àti òkè fúnra rẹ̀, òun náà ni yóò máa dán géèmù wò, á sì ṣe é tán kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn kò ní nílò ẹ̀dá alààyè nídìí rẹ̀ mọ́.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, mo kà á, mo tún un kà.

Físà mi so mọ́ iṣẹ́ náà bí ewúrẹ́ ṣe ń so mọ́ èèkàn. Bí èèkàn bá fà tu, ewúrẹ́ kò ní ibi tó ń lọ ju ilé lọ. Àwọn ìwé tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ kí Káyọ̀dé wá bá mi sì wà níwájú ìjọba ní àkókò yẹn, orí iṣẹ́ mi kan náà ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Mo wá di ẹni tó ń jí tó ń ka àhesọ kí n tó gbàdúrà. Inú iléeṣẹ́ ni mo wà, àwọn ará ìta ni mò ń bi léèrè bóyá iléeṣẹ́ wà.

Káyọ̀dé pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Mo kà á pé wọ́n ti ta iléeṣẹ́ yín," ló wí.

"Níbo lo ti kà á?"

"Ojúlé àwọn tó ń gbá géèmù yín. Mo ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀."

"Káyọ̀! Ìwọ tí o ò ní géèmù ọ̀hún?"

"Mo ní ìyàwó níbẹ̀."

N kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún un pé n kò mọ̀ bóyá wọ́n ti tà á. Ó ní olórí ẹ̀ka wọn ń fẹ́ mọ̀ bóyá òun yóò wà níbẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Wọ́n ti kọ̀ láti fún un láyè kó lọ kó sì padà wá bá iṣẹ́ rẹ̀. Bí yóò bá lọ, kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá ni. Mo ní kó ṣe sùúrù. Ó ní sùúrù náà lòun ń ṣe. Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ọkọ̀ yín yẹn, ṣé ó ti gbéra?"

"Kò tíì gbéra, Màámi. Ẹ máa bá wa bẹ Ọlọ́run."

"Yóò gbéra, ínṣá Àllàhù. Ṣé o ń jẹun?"

Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ gbé àwòrán kan ṣoṣo jáde. Wọn kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Irin méjì ló wà níbẹ̀ lórí ilẹ̀ tó pupa bí epo, koríko gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti etí òrùlé páànù kan tó ti dípẹtà ní kọ̀rọ̀ àwòrán náà. Ojúlé náà gbiná. Káyọ̀dé pè mí kí n tó dé ibi tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì.

"Ṣé o rí erùpẹ̀ yẹn? Ṣé o rí páànù yẹn? Ilé wa nìyẹn!"

"Káyọ̀, ilẹ̀ pupa pọ̀ láyé."

"Iṣẹ́ mi ni ilẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń sọ."

Ó kọ àlàyé gígùn sórí ojúlé náà, nípa ohun tó ń sọ ilẹ̀ di pupa, irú koríko tó ń hù níbẹ̀, àti bí irin ilẹ̀ wa ṣe tóóró ju ti òyìnbó lọ. Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n ń pè é ní "Prof". Kò pẹ́, àhesọ náà ti di pé Nàìjíríà ni géèmù tuntun máa lọ: láti Èkó gba Ìbàdàn, gba Ìwó, gba Ẹdẹ, dé Òṣogbo. Ní Òkèrèwè, Ìyá ti sọ fún gbogbo agboolé pé wọ́n ń gbé Òṣogbo sínú kọ̀ǹpútà òyìnbó.

"Ṣé wọn ò ní mú un dé Ifẹ̀?" ló bi mí.

Mo gbọ́ ohùn Káyọ̀dé lẹ́yìn rẹ̀. "Màámi, irin ò dé Ifẹ̀."

"Nínú kọ̀ǹpútà náà? Ta ló ń dí wọn lọ́wọ́?"

Èmi náà ti fẹ́ gbà á gbọ́. Kí n má purọ́, mo ti gbà á gbọ́. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ wa ni, wọ́n á nílò mi, mo ti bọ́ nìyẹn. Mo lọ bá Marek nígbà tó ń po tíì rẹ̀.

"Marek, ṣé ilé wa ni?"

Ó wo inú kọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Jọ̀ọ́, má bi mí," ló wí.

Mo túmọ̀ rẹ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Káyọ̀dé, ó ní òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan.

"O fi iṣẹ́ sílẹ̀? O ò bi mí!"

"Bí mo bá bi ọ́, wàá ní kí n ṣe sùúrù. Sáà ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Bó bá jẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ń ṣe, ta ni wọ́n máa lò bí kò ṣe ìwọ?"

"Bí kò bá jẹ́ Nàìjíríà ńkọ́?"

"Àwòrán nìyẹn níwájú wa."

Níwájú ìyá rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń lò fún un. Bó bá ku àwa méjèèjì, ọ̀rẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni wá. Lọ́jọ́ yẹn, mo sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí, mo sì já fóònù náà. N kò lè jẹun. Mo gbé àsáró tí mo sè síwájú ara mi títí ó fi tutù, mo dà á padà sínú ìkòkò.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni iléeṣẹ́ fi géèmù náà han gbogbo ayé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní Òkèrèwè, wọ́n ti tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n so kọ̀ǹpútà Káyọ̀dé mọ́ tẹlifíṣọ̀n, agboolé kún pálọ̀. Mo ń wò wọ́n lórí fóònù mi, mo sì ń wo géèmù náà lórí kọ̀ǹpútà mi. Orin dún. Ilẹ̀ pupa náà yọ, ó tẹ́ lọ salalu. Ọkọ̀ ojú irin kan ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó gùn débi pé èèyàn kò rí ìrù rẹ̀. Agboolé pariwo. Ẹranko kan wá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì tọ yọ láti inú koríko, ó fò kọjá níwájú ọkọ̀ náà, ó tún fò, ó lọ.

Ìyá nàka sí tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹran wo nìyẹn?" ni Ìyá béèrè.

Káyọ̀dé kò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Ẹran ilẹ̀ Ọsirélíà ni," ló wí. "Ọsirélíà ni wọ́n ṣe."

"Ṣé Òṣogbo á wá tẹ̀ lé e ni?"

Àwọn aládùúgbò ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kúrò níbi òkú. Káyọ̀dé na ọwọ́, ó pa fóònù náà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀, Graham kó gbogbo wa jọ. Ó ní wọ́n ti ra iléeṣẹ́ náà lóòótọ́. Ìlú mìíràn ni àwọn olówó tuntun náà wà, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń dán géèmù tiwọn wò, wọn kò sì ní lè kó gbogbo wa. Ó ní òun máa pe wá níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, mo wọlé, mo jókòó.

"Mo ti dárúkọ rẹ fún wọn," ló wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo máa sọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn."

Mo sọ fún un pé ọkọ mi ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó fọwọ́ nu ojú.

"N kò mọ̀ pé o ní ẹnì kan tó ń bọ̀."

"N kò sọ ọ́ síta níbí." Mo wá gbójú sókè. "Graham, jọ̀ọ́, sọ òtítọ́ fún mi. Lẹ́yìn èyí tí wọ́n fi hàn yìí, ṣé òmíràn á tún wà? Ṣé wọ́n á máa ṣe é lọ?"

Ó ní, "N kò mọ̀. Láàárọ̀, èmi náà máa ń wọ ojúlé àwọn olólùfẹ́ wa yẹn, kí n lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà.

A dúró de ìdáhùn wọn. Káyọ̀dé ń pè mí. Ó ní ó dun òun. Mo ní kó má sọ ọ́ mọ́. Ó ní nígbà tí òun kọjá ní ẹnu géètì yunifásítì lórí ọ̀kadà, ojú ti òun láti wo inú. Ẹ̀rù ohun tí Ìyá máa sọ bà mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ọmọ rẹ̀ ló ti di aláìníṣẹ́ nítorí èmi. Nígbà tí ó gba fóònù, ohun tó sọ kò ju báyìí lọ:

"Bí wọ́n bá ní kí o máa bọ̀, máa bọ̀. Yàrá rẹ wà bó o ṣe fi í sílẹ̀. Ṣé ilé lè kọ ẹni ni?"

Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo tó sùn.

Ìdáhùn dé ní àárọ̀ ọjọ́ tí n kò retí rẹ̀. Wọ́n mú mi. Wọ́n ní kì í ṣe láti dán géèmù wò; ẹ̀rọ ti gba ìyẹn. Àwọn èrò inú ọkọ̀ ni kí n máa bójú tó, bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ ní ibùdókọ̀. Mo bọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo jó. Nígbà tí mo jáde, Marek ń kó àwọn nǹkan rẹ̀ sínú páálí. Wọn kò mú un.

Marek ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ọmọ méjì ló ní. Gbogbo òkè tí mo fi ojú rí nínú géèmù yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Mo dúró tì í.

"Ọjọ́ tó o bi mí bóyá ilé yín ni," ló wí, "mo fẹ́ sọ fún ẹ pé kì í ṣe ilé yín. Mo rí ojú rẹ. N kò lè sọ ọ́."

"Mo mọ̀, Marek."

"Erùpẹ̀ yẹn dára, àbí?"

Mo ní ó dára. Mo ní ó dára débi pé ó tan ọkọ mi, tó jẹ́ olùkọ́ jiógíráfì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti jókòó, ó sì nu ojú rẹ̀. Mo bá a gbé páálí náà dé ìdí mọ́tò rẹ̀. A ṣì máa ń kí ara wa lórí fóònù. Ilé ló ń kùn báyìí.

Ìwé Káyọ̀dé jáde, ó ti wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Ìlú tuntun ni a wà, yàrá kan àti pálọ̀ kékeré. Ibi tí wọ́n ti ń to ẹrù tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ sí, ó ń wá iṣẹ́ olùkọ́. Kò ráhùn rí, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i tó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Lórí ojúlé yẹn, wọ́n ṣì ń pè é ní "Prof", wọ́n dárí jì í nítorí ọ̀rọ̀ Ọsirélíà. Àhesọ kò sì dáwọ́ dúró. Wọ́n ní òmíràn tó ń bọ̀ kò ní jẹ́ títà mọ́, àwọn èèyàn á kàn máa yá a ni. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti ń kọ́ bí èrò ṣe ń rìn. Ìyẹn ti di iṣẹ́ mi. Físà wa ní ọjọ́ tí yóò tán, àwọn olówó tuntun náà kò sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lẹ́yìn náà. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá mọ́, àwa méjèèjì á dojú kọ fóònù wa lórí ibùsùn, a ó máa kà á. Bí mo bá gbọ́ tó mí kanlẹ̀, n óò bi í pé, "Kí ni wọ́n wí?" Á ní, "Kò sí." N óò sì mọ̀ pé ó wà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, a pe Ìyá. A gbé fóònù sórí tábìlì kí àwa méjèèjì lè máa gbọ́. Ó bi wá bóyá òtútù ti dín kù. Ó bi mí bóyá mò ń sinmi, mo sì mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ó sọ ti òrùlé tí ìjì ká ní ojúlé kejì, ti ọmọ ìyàwó ilé kan tó wọ yunifásítì. Ó wá ní, "Ẹ gbọ́, ojú tì mí níjẹta."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Màámi?" ni Káyọ̀dé bi í.

"Mo gúnyán lọ́sàn-án. Mo bu tèmi. Mo bu tìrẹ sínú abọ́ rẹ, mo dé e. Mo wá jókòó, mò ń retí pé o máa tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ìgbà tó tutù ni mo tó rántí."

A kò lè wo ara wa. Mo gbọ́ tí adìyẹ kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀ ní àgbàlá. Káyọ̀dé tẹ̀ síwájú, ó fi ẹnu sún mọ́ fóònù náà bí ẹni tó ń wọlé.

"Màámi, ẹ bá mi jẹ ẹ́."

Mo gbọ́ tí Ìyá ń lé adìyẹ náà kúrò níbẹ̀.

"Mo ti jẹ ẹ́," ló wí.